Àbíkẹ́yìn Tó Jókòó Lé Bàbá Lórí

Òórùn omi ọ̀sà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú tí mo bá rántí yàrá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òun àti òórùn eruku tó ń gbóná nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí mo rà ní Ìdúmọ̀tà ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ilé tí a ti ń tò dúró de ilé ìwẹ̀ láàárọ̀ ti dákẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi àbíkẹ́yìn ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn ìta, lẹ́yìn tí mo bá ti ka gbogbo ẹni tó wọlé. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn yòókù ti kó lọ sí Sùúrùlérè, ó wá ku èmi lókè àti Alájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, nísàlẹ̀ ilé. Àárò wọn ń sọ mí, kí n má parọ́.

Mo kó fọ́tò gbogbo ará ilé sínú kọ̀ǹpútà náà. Mo wá kọ ìlànà kan fún un, pé kí ó máa to orúkọ wọn sójú ewé kan bíi ti íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá tẹ orúkọ, fọ́tò onítọ̀hún á yọ. Èrò mi ni pé lọ́jọ́ tí tẹlifóònù ilé wa tó ti kú bá jí, tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì gba inú wáyà rẹ̀ wọlé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi á ṣí i láti Lọ́ńdọ̀nù, a ó sì tún jọ wà nílé kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá a jà. Ọ̀sán tó ṣiṣẹ́, inú mi dùn débi pé mo dìde láti pe èèyàn wá wò ó, kí n tó rántí pé kò séèyàn. Mo lọ pe Alájà.

Ó wọ gíláàsì rẹ̀. Orúkọ mi, Abíọ́dún, ló wà lókè téńté. Wàhábì, bàbá tó bí bàbá mi, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Ta ló tò ó báyìí?"

"Ẹ̀rọ ni, mà. Bí a ṣe ń ka A, B, D ló ṣe tò ó."

"Ẹ̀rọ yìí ò ní baba ni? Ìwọ àbíkẹ́yìn lo wá jókòó lé Bàbá lórí! Ó yá, tún un tò."

Ojú tì mí. Kí n fi nọ́ńbà síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan ti tó, àmọ́ n kò mọ ẹni tó ṣáájú ẹni, orí Alájà nìkan ni ìyẹn wà. Bó ṣe di pé lẹ́yìn ìrun Àsárì nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, ó ń rọra gun àtẹ̀gùn wá nìyẹn. Á máa pe orúkọ, èmi á máa fi nọ́ńbà sí i.

"Mo ṣáájú ìyẹn o," á ní. "Èmi ni mo lá oyin ìsọmọlórúkọ rẹ̀ tán."

Àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn nìkan ni n kò dá wà.

Alájà kú kí tẹlifóònù tó jí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò ṣí ojú ewé náà rí. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tí àlejò ti túká, mo ṣí i fúnra mi. Mo kà á láti orí Bàbá wá sísàlẹ̀, mo kan Alájà, mo kan àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, mo sì kan orúkọ tèmi níkẹyìn. Iṣẹ́ mi àtijọ́, iṣẹ́ àbíkẹ́yìn tó ń ka ará ilé, ni ìyá yẹn dá padà fún mi láìsọ ọ́. Mo kà wọ́n, gbogbo wọn pé. Mo dìde, mo lọ ti ilẹ̀kùn ìta.