Ẹnu Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Yá Lọ sí Oko Wáìnì

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé la gbéra ní Parsloes, àdúgbò wa nílùú Òyìnbó: èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti Tèmi ọmọ rẹ̀ tó ń wakọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbàdúrà lé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí. Fúláàsì tíì àti mọ́ínmọ́ín mẹ́fà wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí kò gbà pé oúnjẹ wà lẹ́yìn odi Barking.

Ohun tó gbé wa jáde ò le. Tèmi kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú kẹ́mísírì, gbogbo ìjọ sì ń retí pé ilé ìwòsàn ló kàn. Ló bá ní oko àjàrà lòun fẹ́ lọ gbé fún ọdún méjì, kí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì funfun. Kò ní lọ láìgba àdúrà ìyá rẹ̀. Aládùúrà sì ni ìyá rẹ̀, ọtí kì í kàn án lẹ́nu.

"Káyọ̀dé," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi, "ẹnu rẹ ni mo fẹ́ yá. Bó bá jẹ́ ìranù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, sọ fún mi."

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń bá mi jà nítorí bíà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnu mi máa wúlò fún un.

Ripple Road ṣófo. A bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ A13, a kọjá àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá, títí ọ̀nà fi há tí ewé igbó ń gbá dígí ọkọ̀. Ní ilé epo kan, pọ́n-ùn mẹ́rin ni ife kọfí. Ẹ̀gbọ́n mi wo ife náà bíi pé ó bú u, ó sì ṣí fúláàsì rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, Tèmi kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ méjì. Èkínní ni "báyòdáìnámíìkì": wọn kì í da kẹ́míkà soko, òṣùpá ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Èkejì ni "tẹrúwà," ọ̀rọ̀ àwọn Faransé: ohun tí ilẹ̀, òjò àti atẹ́gùn ibì kan fi sínú èso, tí èèyàn ò lè rí níbòmíràn. Irú àjàrà kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, kí ohùn ilẹ̀ má bàa dàrú.

"Ilẹ̀ Essex tí oko yẹn wà," mo ní, "kí ló fẹ́ sọ?"

"Ọ́ńkù, please. Ẹ má bẹ̀rẹ̀."

"Fi í sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Bí ẹnì kan bá gbé gàrí ibòmíràn fún Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ tó pè é ní gàrí Ìjẹ̀bú, ṣé kò ní í da ilé rú?"

Òótọ́ ni. Mo ti dá odindi àpò gàrí padà sí ṣọ́ọ̀bù kan rí, lẹ́yìn tí mo gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Bákọ́ọ̀sì ni orúkọ àjàrà náà. Mo kàwé débi tí mo mọ̀ pé òrìṣà ọtí àwọn ará Róòmù ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tèmi wò mí nínú dígí. Mo yíjú sí fèrèsé kí ìyá rẹ̀ má bàa bi mí.

Oko náà wà lórí òkè kékeré kan tó kọjú sí odò. Júlíà, obìnrin bí ẹni ọgọ́ta ọdún tó ni oko náà, fi bàtà tó kún fún ẹrẹ̀ pàdé wa. Kó tó kí wa tán, ẹ̀gbọ́n mi ti rí ìwo màlúù tó kún apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àká.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Tèmi, kí nìyí?"

"Mọ́mì, ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ń kì sínú ẹ̀, wọ́n á wá rì í mọ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ lè lọ́ràá ni."

"Ìgbẹ́ nìkan? Wọn kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni sí i?"

"Mọ́mì!"

Mo nu ètè mi, mo ní kí Júlíà bu wáìnì wá. Ó mi orí.

"Ẹ má bínú. Nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá wa, ọjọ́ gbòǹgbò lòní. Wáìnì ò ní sọ òótọ́ fún yín. Ọjọ́ èso ni kí ẹ tọ́ ọ wò, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Àwàdà ni mo pè é. Ìgbà yẹn gan-an ni tọkọtaya kan gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì dé, wọ́n ní àwọn máa ra ìgò méjìlá báwọn bá ti tọ́ ọ wò. Júlíà dá wọn lóhùn bó ṣe dá wa lóhùn. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní kọ síbí, wọ́n sì lọ.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi ká lè jọ rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo obìnrin náà bí ẹni tó rí ará ilé.

"Bàbá wa," ó ní, "ọjọ́ kan wà nínú márùn-ún tí kì í gbé ọkọ́. Òjò ìbáà rọ̀, kí gbogbo èèyàn wà lóko."

Ó fún Júlíà ní mọ́ínmọ́ín méjì. Júlíà fún wa ní ìgò kan, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Tèmi di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí títí a fi dé Parsloes. Bí mo ṣe ń wá ohun tí mo máa fi ṣí ìgò, ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ mi. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní, ó sì gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sùtánà rẹ̀ funfun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sídìí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi bu omi fún ara rẹ̀. Mo ti to yẹ̀yẹ́ jọ láti Sátidé. Mo mu ún. Ó kọ́kọ́ kan, bí omi àkọ́kọ́ lórí gàrí Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn náà, ewé tútù. Lẹ́yìn náà, iyọ̀ díẹ̀, bí atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá látodò lórí òkè yẹn. Inú bí mi pé yẹ̀yẹ́ mi ti ṣòfò.

"Ṣé ilẹ̀ yẹn wà níbẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ó wà níbẹ̀. Òkè yẹn gan-an."

"Má purọ́ fún mi o, Káyọ̀dé. Ibẹ̀ lọmọ mi máa sùn."

"Mi ò purọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Tèmi ti kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. Àdúrà náà gùn débi pé wáìnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ife mi. Mo ṣe gbogbo àmín rẹ̀.