Tàwàkálítù Lójú Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́

Tàwàkálítù nìkan ni obìnrin tó ń ṣe rẹwáyà, iṣẹ́ iná ọkọ̀, ní àdúgbò ẹ̀ ní Ìgbògbò. Nígbà tó kọ́kọ́ ní iṣẹ́ náà lòun fẹ́ kọ́, gbogbo ẹbí ló fárígá. Ìyá ẹ̀ nìkan ló gbà, òun ló fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì kan, Humairah àbúrò ẹ̀ pè é láti Ẹ̀pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ara Màámi ò yá o. Ẹ máa bọ̀ kíákíá."

Ó wọ Ìjàpá, Fọ́sìwágìn àtijọ́ tó fọwọ́ ara ẹ̀ tún ṣe. Bó ṣe kọjá Ìtòkín, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bó bá rọra ń lọ, kò ní wúkọ́. Bó bá ní kó sáré, ó tún dé. Ó mọ ohun tó ń ṣe é. Irin kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtáàtì wà nínú irú ọkọ̀ yẹn. Bí ẹnu wọn bá pàdé, iná bátìrì á máa kún inú kọ́ìlì, ibi tó ti ń lágbára. Bí wọ́n bá là, iná á fò lọ sí pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Ìdè wọn ló tú, àyè àárín wọn fẹ̀ jù, wọn ò pàdé pẹ́ tó mọ́. Eré ẹ́ńjìnnì tún gé ìpàdé náà kúrú: kọ́ìlì ò ráyè kún, iná ò lágbára. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá pàdé pẹ́ jù, kọ́ìlì á gbóná, kọ́ńtáàtì á jó.

Ó páàkì, ó ṣí ibi ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ọlọ́kadà kan dúró.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé Ẹ̀pẹ́."

"Ẹ ṣé, ó ti fẹ́ẹ̀ tán."

Ọlọ́kadà lọ. Tàwàkálítù ya díẹ̀ lára páálí oògùn tó ń mú lọ fún ìyá ẹ̀, ó fi wọn àyè ẹnu kọ́ńtáàtì, ó dè é. Kò tíì bọ́ sí i. Ó tú u, ó tún un ṣe. Oòrùn ti rọlẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó dún bó ṣe fẹ́.

Bàtà ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn nígbà tó dé. Humairah dì mọ́ ọn.

"Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Wọ́n ń bèèrè yín ṣáá: 'Rẹwáyà mi ńkọ́?' Mo ní ẹ ti wà lọ́nà."

"Ọlọ́kadà fẹ́ gbé mi, Humairah. Èmi ni mo ní kó máa lọ."

Àwọn obìnrin ń gbé omi wọlé láti wẹ òkú. Ó ní òun náà á wẹ̀ ẹ́. Ó fọ ọwọ́, ó fi kànìnkànìn ha á títí, dúdú ọ́ìlì ò kúrò lábẹ́ èékánná. Ìyá àgbà kan dì í lọ́wọ́ mú.

"Ó tó, ọmọ mi. Ìyá ẹ mọ ọwọ́ yẹn."

Ó bú sẹ́kún, ó tẹ̀ lé e wọlé.