Ẹ̀rín Ìyàwó Mi àti Ẹja Abẹ́ Yìnyín

Ẹ̀rín ìyàwó mi, èmi nìkan ni mo ni ín fún ogójì ọdún ó lé. Bó bá ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó dé, tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, màá sọ fún un bí mo ṣe gun ẹ̀yìn erinmi láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, tí erinmi ọ̀hún ń bi mí pé níbo ni mo ti fẹ́ sọ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Á rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ á fi gbàgbé pé òun ń dun ẹnìkan. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò lówó, mi ò sì lẹ́wà. Ẹ̀rín yẹn ni gbogbo dúkìá mi ní Bronx.

Àfi ìgbà tí àbúrò kan tó ń gbé lókè wa ní Parkchester, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, gbé ẹja wá fún wa. Ó ní orí adágún odò tó ti di yìnyín lòun ti pa á, pé ńṣe ni wọ́n ń lu ihò sí i. Ìyàwó mi fi ẹja náà se ọbẹ̀, ó tẹ ẹ̀bà, ó jókòó, ó ń gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ó sì rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín tèmi gan-an ló kó fún un. Mo bu ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n láàárín òkèlè kan sí èkejì, inú ń bí mi.

Mo ní, "Àbúrò, Sátidé tó ń bọ̀, a jọ ń lọ ni."

"Ẹ̀gbọ́n, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré o."

"Ọdún wo ni wọ́n bí òtútù náà?"

Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn?" Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ó di Sátidé, àbúrò fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sókè àríwá. Ṣòkòtò mẹ́rin ni mo wọ̀, orúnkún mi ò ká mọ́, bí ẹni ń sọ àga kalẹ̀ ni àbúrò ṣe sọ̀ mí kalẹ̀ nínú mọ́tò. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan tí a háyà pé kó máa fọ̀nà hàn wá ló fi ẹ̀rọ lu ihò méjì, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún àbúrò. Ó fi ìdin sẹ́nu ìwọ̀, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mi ọ̀pá ìpẹja jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ tó lè ké. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́ títí mo fi gbàgbé orúkọ bàbá mi. Ìgbà tí mo mu tíì tán ló tó padà wá.

Kí n tó jókòó dáadáa, àbúrò ti fa ọ̀kan yọ, ẹja aláwọ̀ ìyeyè tó nílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni kọ pélé. Ó fa èkejì. Ihò tèmi dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Monday.

"Àbúrò, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Dìde níbẹ̀ yẹn."

Ó dìde lójú ẹsẹ̀, ó tiẹ̀ ṣí fìlà nínú òtútù yẹn. "Ẹ jókòó, sà."

Ìwà rẹ̀ tó dára yẹn ló dùn mí jù. Mo jókòó, bẹ́ẹ̀ ni ẹja fa okùn rẹ̀ níbi tí mo ti kúrò. A tún pààrọ̀. Ẹja tún tẹ̀ lé e. Afọ̀nàhàn bi mí pé ṣé àṣà wa ni, kí àgbàlagbà méjì máa pààrọ̀ ìjókòó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn la fi ń pe ẹja. Ó gbà mí gbọ́. Ó kéré tán, ẹnìkan ṣì ń ra ọjà mi.

Ìgbẹ̀yìn, mo pa ẹyọ kan. Kò gùn ju ìka mi lọ. Afọ̀nàhàn ní kí n dá a padà sómi kó lọ dàgbà.

Nínú mọ́tò, àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó tóbi jù yẹn, ẹ̀yin lẹ pa á o. Ohun tí màá sọ nìyẹn." Ó yẹ kí n kọ̀. Mi ò kọ̀.

A délé. Mo gbé ẹja síwájú ìyàwó mi, mo bẹ̀rẹ̀: mo ní ẹja náà fà mí wọ inú ihò títí dé ìbàdí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ibẹ̀ ni ẹnu ti yún àbúrò.

"Mọ́mì, wọn ò sọ ọ́ tán. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, fìlà Ẹ̀gbọ́n nìkan ló kù lórí yìnyín, fìlà ọ̀hún ṣì ń bá òyìnbó jiyàn!"

Ìyàwó mi ṣubú sórí àga. Omi jáde lójú rẹ̀. Mo mọ irọ́ tó dáa bí mo bá gbọ́ ọ, iṣẹ́ mi ni. Eléyìí dáa ju tèmi lọ.

Mo sin àbúrò dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹja ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ. Ta ló ní kí o bá mi purọ́ nínú ilé mi?"

Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ọ̀dọ̀ yín náà ni mo ti kọ́ ọ. Páìpù híítà tó ti ilé yín gòkè wá sílé mi máa ń gbé ohùn yín wá. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti ń dúró de físà ní Abẹ́òkúta, bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, mo máa ń pa tẹlifíṣọ̀n ni."

Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo tilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà mo mú táwẹ̀lì méjì, mo fi wé páìpù híítà wa láti òkè délẹ̀. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni mò ń ṣe.

Mo ní òtútù ń mú páìpù náà.