Ilé Tí Mo Fi Apá Ara Mi Wọ̀n

Ọjọ́ tí wọ́n wó ilé bàbá mi ní Barnersville, lẹ́yìn ìlú Monrovia, mi ò lè dúró sójú kan. Mo lọ síwájú, mo lọ sẹ́yìn, mo ń sọ ohun tí awakọ̀ katapílà ti mọ̀ kí n tó dé fún un. Ìyá mi jókòó sórí àga onítáyà rẹ̀ lábẹ́ páànù aládùúgbò wa ní òdìkejì títì. Ó ń wo bí ògiri yàrá tó bí mi sí ṣe ń wó lulẹ̀. Nígbà tó yá ó pè mí, ó ní kí n wá jókòó, pé eruku tí mo ń rìn kiri nínú rẹ̀ ò ní mú kí iṣẹ́ yá. Mo jókòó. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí mo tún dìde.

Bí mo ṣe rí nìyẹn. Tí nǹkan bá wà tí mo lè fọwọ́ kàn, ara mi kì í lélẹ̀. Ẹ̀ǹjíníà ni mí. Ọ́fíìsì wa wà lókè Mamba Point, a sì ti ya pílánù fún oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ní àdúgbò yẹn. Gbogbo wọn ló ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹni tó wà lórí àga onítáyà lè gbà wọlé láìgun àtẹ̀gùn. Tí ọ̀nà náà bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, èmi àtàwọn òṣìṣẹ́ la jọ máa ń fa ọ̀rọ̀ náà. Tí ilẹ̀ bá wá ń ṣú lọ, màá wọ takisí lọ kí ìyá mi, nílé tí àtẹ̀gùn méje wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tí méjì sì tún wà lẹ́nu balùwẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé àtẹ̀gùn yẹn lè di ìṣòro fún un.

Bàbá mi ló kọ́ ilé náà. Tíṣà ni, òun àti ìyá mi ló jọ ti Nàìjíríà wá sí Làìbéríà kí wọ́n tó bí mi. Ó gbé ilé náà ga nítorí omi, torí ilẹ̀ irà ni, òjò ìlú Monrovia kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ìyá mi ò kúrò níbẹ̀. Aṣọ ló ń rán. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn Broad Street, tí àwọn ìyàwó àwọn pásítọ̀ wa àtàwọn obìnrin Làìbéríà jọ ń tò síbẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sílé.

Orí àtẹ̀gùn balùwẹ̀ yẹn ló ti ṣubú. Egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Dókítà ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ò gbé e mọ́. Èmi àti ìyàwó mi kó lọ bá a. Ọjọ́ tí a gbé e dé láti ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ ìrìn, pé Ọlọ́run mọ̀ nípa ìyẹn.

"Ohun kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ó ní. "Jẹ́ kí n lè máa dá wẹ̀."

Mo ní kò sí ìṣòro. Ẹnu lásán ni. Ìyàwó mi, tó jẹ́ tíṣà, ló ń wẹ̀ fún un láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé. Wọn ò bá ara wọn jà rí, ṣùgbọ́n ìyàwó mi sọ fún mi pé ìyá mi máa ń di ojú rẹ̀ pinpin títí òun á fi wẹ̀ ẹ́ tán, bí ọmọdé tó rò pé tí òun ò bá rí wa, àwa náà ò rí òun.

Ní Sátidé kan tí ìyàwó mi lọ sípàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi wọ́ ara rẹ̀ lọ sí balùwẹ̀ láìsọ fún mi. Mo gbọ́ tó jábọ́. Mo sáré wọlé, mo gbé e nílẹ̀ bó ṣe wà, láìsí aṣọ lára rẹ̀. Kò fara pa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé e, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo ojú. Kì í ṣe ojú tirẹ̀ o, ojú tèmi ló bò. Báyìí ni mo ṣe gbé e dé yàrá, tí mò ń fi èjìká wá ọ̀nà. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi bá mi sọ̀rọ̀ láìwò mí, èmi náà ò sì lè wò ó.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé a máa wó ilé náà. Kò ṣeé tún ṣe. Àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ há, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ há, kò síbi tí àga lè gbà yí. Mo rò pé ìyá mi máa sunkún, ṣùgbọ́n ó kàn ní, "Ẹ wó o. Èmi tí mo lẹ́sẹ̀ ni bàbá rẹ kọ́ ọ fún."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya pílánù, ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Mo nílò ìwọ̀n rẹ̀: ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé tó bá jókòó, bí orúnkún rẹ̀ ṣe ga tó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó dùbúlẹ̀, ó dijú, mo rò pé ó ti sùn. Mo na tépù láti èjìká rẹ̀ títí dé orí ìka. Ó la ojú.

"Pósí ẹsẹ̀ bàtà mélòó lo fẹ́ kàn?"

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi ṣe. Òun ò rẹ́rìn-ín. "Tépù ni mo fi tọ́ ẹ dàgbà," ó ní. "Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wọ̀n ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹni tó dùbúlẹ̀, káfíńtà ló ń wọ̀n ọ́n. Gbé nǹkan yẹn kúrò lára mi." Mo ní ká jẹ́ kó jókòó nígbà náà. Ó ní kò sí ìyàtọ̀, òun ò dúró.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó tì í kó bẹ̀ ẹ́. Èmi kọ́. Inú bí mi, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òjò ń bọ̀. Mo gbé àga onítáyà rẹ̀ síta nígbà tó ń sinmi, mo jókòó sínú rẹ̀, mo na apá tèmi, mo wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ga jù ú lọ dáadáa, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo bá yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ní ìfojúbù. Mo rò pé mo mọ ìyá mi.

A kó lọ sí yàrá méjì nínú ọgbà ọmọ ìjọ wa kan. Lójoojúmọ́, tí mo bá kúrò ní ọ́fíìsì, ibi iṣẹ́ ilé ni mò ń lọ. Bíríkìlà tó ń bá wa ṣe é jẹ́ àgbà ọkùnrin ará Làìbéríà, kì í kánjú rárá. Tí mo bá ti ń pariwo, á ní, "Take time, Boss," bí wọ́n ṣe ń sọ fún ẹni tó bá ń yára jù níbí, á sì máa to búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ. Nítorí omi, a ò lè sọ ilé náà kalẹ̀, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ wá gùn débi pé ó ní láti ṣẹ́ kọ́nà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tún un ṣe. Mo dá ilẹ̀kùn padà fún káfíńtà. Mò ń dúró jẹun. Ìyá mi ń bi mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ pé, "Balùwẹ̀ ńkọ́?" Mo ń dá a lóhùn pé ẹ fọkàn balẹ̀.

A wọlé lẹ́yìn òjò. Pásítọ̀ gbàdúrà sínú gbogbo yàrá. Àwọn ará ìjọ ní irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n, mo sì gbà fún wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìyá mi wọ balùwẹ̀ lọ lóun nìkan, ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi pè é wọlé. Irin tó yẹ kó dì mú ga ju èjìká rẹ̀ lọ, apá rẹ̀ ò sì lágbára níbẹ̀. Táápù jìnnà sí ìjókòó tí mo fi sìmẹ́ńtì ṣe. Mo fi ṣáwà olówó ńlá sókè, ó sì da omi tútù lé e lórí kó tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Ìyàwó mi wẹ̀ fún un, òun náà sì di ojú rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ó jáde. Ó wò mí.

"Ilé yìí dáa," ó ní. "Tí ìwọ náà bá darúgbó, wàá gbádùn rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n wọ̀n yín. Mo sọ ọ́ sókè, bí ọmọ ò ṣe gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀. Ó yí àga rẹ̀ padà, ó wọ yàrá lọ. Ìyàwó mi ò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yà á, ẹ kọ́ ọ. Nínú gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ẹ ò jókòó lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ bi í pé báwo ló ṣe ń wẹ̀." Mi ò bi í rí lóòótọ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Báwo lẹ ṣe ń wẹ̀?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí mi. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́. Ó ní òun ò fẹ́ omi tó ń já bọ́ látòkè, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ike lòun mọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ lòun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òsì lòun fi ń di nǹkan mú, torí òun ló lágbára jù láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ba ọ̀tún jẹ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ń jẹ oúnjẹ ọwọ́ obìnrin yìí, mi ò mọ̀ pé ọwọ́ òsì rẹ̀ ló lágbára jù. Apá ọ̀tún ni mo kan gbogbo irin yẹn sí.

Ó ní kí n gbé àpótí ìránṣọ òun wá. Ó mú ṣọ́ọ̀kì búlúù tó fi ń fàlà sórí aṣọ nínú rẹ̀, ó ní kí n ti òun wọ balùwẹ̀. "Má wọ̀n mí," ó ní. "Ògiri ni kó o wọ̀n." Ó jókòó síbi ìjókòó, ó na ọwọ́ òsì, ó fàlà sórí táìsì níbi tí ọwọ́ náà dé láìlo agbára. Ó fàlà sí ibi tí táápù máa wà, ibi bọ́kẹ́ẹ̀tì, ibi aṣọ ìnura. Kò ṣe àṣìṣe kan, kò pa ọ̀kankan rẹ́. Bíríkìlà dé, ó wo àwọn ìlà náà, ó bọ́ fìlà, ó ní Ol' Ma, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí, ni ẹ̀ǹjíníà. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ táìsì mi.

Ìlà kan ṣẹ́ kù. Ara ilẹ̀kùn ló fà á sí, nínú, ní déédéé àyà rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ti ibẹ̀. Ó ní ìdábùú irin tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn.

"Rárá, Màmá. Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

"Màá ṣubú ni."

"A ò ní lè wọlé."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn."

Mo bá a fà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo bá ìyàwó mi fà á, mo tiẹ̀ bá pásítọ̀ sọ ọ́, kó lè bá mi dá sí i. Pásítọ̀ ní ilé ta ni. Ní ọjọ́ kẹrin mo fi ọwọ́ ara mi kàn án mọ́ ibi tí ìlà náà wà. Síkúrúù kan bọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá mi wọlé lọ ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Ìyàwó mi ti lọ síléèwé. Mo gbọ́ bó ṣe ti irin náà, gbà. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Omi dún nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dún nílẹ̀, ó tún dún. Lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Mo rìn dé pálọ̀, mo padà. Kò sí ohùn kankan. Mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo ti ń wo ibi tí màá ti fi èjìká já a.

"Màmá," mo ní, "kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ó dáhùn, ohùn rẹ̀ ò yára rárá.

"Mò ń wẹ̀," ó ní.