Àtẹ̀gùn Ẹ̀yìnkùlé Màmá Loretta

Ní Sátidé tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ kan wá tún ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò mi ṣe níbí ní Laurel, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn rẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Mo jókòó. Ọmọ mi obìnrin rò pé àlùbọ́sà ló ń pa mí lẹ́kún, mi ò sì bá a jiyàn. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sílùú yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò lè sọ fún un lọ́jọ́ náà fún yín.

Riverdale Park ni mo ti dàgbà, nínú ilé kékeré kan tí kò jìnnà sí títì Route 1. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, orí àga ni yóò sùn sí pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Bàbá mi ń wa bọ́ọ̀sì. Ilé tó tẹ̀ lé tiwa ni Màmá Loretta ń gbé, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, Denise. Bẹ́ ẹ bá ti rí èmi, ẹ má wulẹ̀ wá Denise lọ jìnnà.

Màmá yìí ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ládùúgbò wa. Ó ní ojú máa ń ti òun bí àwọn èèyàn ṣe ń tan àbẹ́là méje Kwanzaa, àjọ̀dún àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lóṣù Disẹ́ńbà, tí wọ́n á ka ìlànà méjèèje bí àkọ́sórí, tí wọ́n á sì kó ìlànà àti àbẹ́là sínú páálí títí di ọdún tó ń bọ̀. Ìlànà kẹta, Ujima, ló fẹ́ràn jù: ká jọ ṣiṣẹ́, kí ìṣòro ẹnìkan sì jẹ́ ti gbogbo wa. Nítorí náà, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, gbogbo ẹgbẹ́ á ya bo ilé ẹnìkan. Wọ́n á kun ilé, wọ́n á gé koríko, wọ́n á tún fèrèsé ṣe. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó kan ẹlòmíràn. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní àáró tí bàbá òun ń ṣe lóko lẹ́bàá Ìbàdàn ni wọ́n fún lórúkọ Swahili yìí, ó sì wọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn Sátidé yẹn dùn. Ìyá mi tí kò tíì sùn á tún gbé ìkòkò ìrẹsì wá. Màmá Loretta á gbé búrẹ́dì àgbàdo wá, bàbá mi á sì máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń lo oògùn, kí màmá má baà bínú. Àwa ọmọdé la máa ń ṣa ìṣó tó bọ́ sílẹ̀ sínú agolo.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá kan Màmá Loretta, á ní ká fi tòun sílẹ̀, ká lọ sílé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí ti ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Odidi ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà inú ẹgbẹ́ ní ìlànà kejì sọ pé kí kálukú pinnu fúnra rẹ̀, wọn ò sì yọ ọ́ lẹ́nu. Tàwa Yorùbá tún burú jù. Ìyá mi tó ti rí bí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé màmá ṣe ń jẹrà sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n lọ tún un ṣe láìbéèrè.

“Àgbà ti sọ̀rọ̀,” ni bàbá mi wí. “You want me to go and argue with her? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé.”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kan náà ló mọ̀ pé àlejò tó ní òun ti yó, a ó tún rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹun.

Èmi náà mọ̀ nípa àtẹ̀gùn náà. Pákó kẹta lára rẹ̀ ti jẹrà débi pé èmi àti Denise sọ ọ́ di eré. A máa ń fò ó kọjá; ẹni tó bá fẹsẹ̀ kàn án ti kú nínú eré. Denise ti bẹ ìyá àgbà rẹ̀ títí kó jẹ́ kí ẹgbẹ́ wá tún un ṣe, ìyẹn ní kó dákẹ́. Èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Loretta gbé aṣọ tó fọ̀ jáde kó lọ sá a, àtẹ̀gùn náà sì dá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí ogójì èèyàn ló dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pẹ̀lú ayùn àti òòlù. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àtẹ̀gùn tuntun ti dúró, bàbá mi sì ń fò lórí rẹ̀ láti dán an wò. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Denise jókòó sórí koríko, kò bá wa ṣa ìṣó. Nígbà tí àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró, ó kọjú sí bàbá mi.

“Wákàtí mẹ́ta péré ló gbà yín,” ló sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá mi rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà.

Màmá Loretta ò padà sílé mọ́. Láti ọsibítù ni wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, ibẹ̀ ló sì kú sí kí ìgbà òtútù tó parí. Ẹ̀gbọ́n ìyá Denise wá mú un lọ sí Atlanta. Kò dágbére fún mi. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin sí i, kò fèsì kankan, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ẹgbẹ́ náà ṣì wà, lórúkọ. Wọ́n ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Fort Washington lóṣù Disẹ́ńbà. Oúnjẹ pọ̀, àwọn ọmọ sì ń ka ìlànà méjèèje láìṣìṣe. Tó bá di Jánúárì, kálukú á ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo máa ń lọ, inú sì máa ń bí mi títí n ó fi délé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Bí àgbà kan bá ní kí n fi tòun sílẹ̀, mi ò gbọ́ mọ́. Lóṣù tó kọjá, màmá Yorùbá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní òun ò pe ẹnikẹ́ni, ó sì pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Mo dìde, mo kọjá lára rẹ̀, mo sì lọ wo páìpù tó ń jò nínú ìdáná rẹ̀. Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Mo lẹ́kọ̀ọ́ dáadáa nígbà tí Màmá Loretta ṣubú.