Wọn Ò Wọ́nmi Kí Wọ́n Tó Gbálẹ̀

Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí mo ń fún ìyàwó mi ní ògì mu. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́, ó wá gbé ọwọ́ lé ìhà ọ̀tún bí ẹni tí nǹkan gún. Ikọ́ gbígbẹ ni. Mo ní ògì ló pá a lórí. Kò dáhùn, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí olùkọ́ ni, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí kò tọ̀nà kọjá láìtún un ṣe.

Ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ la wà. Oǹdó la ti wá, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára ń pa jẹjẹrẹ náà, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó máa ń bá àrùn jà. Lákòókò tí mo ń sọ yìí, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Ara rẹ̀ dà bí ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù wa, wọ́n ń wó ògiri àtijọ́ láti kọ́ tuntun. Inú gbogbo wa dùn, a ní wọ́n rántí wa. Eruku ń gba ojú wíńdò wọlé, ó ń bà sórí bẹ́ẹ̀dì, sínú ife, sórí Bíbélì rẹ̀. Bí ooru bá mú, èmi gan-an ni mo máa ń ṣí wíńdò náà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi gbé orí sókè, tó ń wo àwọn òṣìṣẹ́.

"Bàbá Délé, ẹ wò wọ́n. Wọn ò wọ́nmi kí wọ́n tó gbálẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá Délé, o ti fẹ̀yìn tì o. Ọmọ kíláàsì rẹ kọ́ nìyẹn."

"Wọn ò tiẹ̀ tó o. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní kíláàsì mi mọ̀ jù báyẹn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo lọ. Eruku ti sọ orí wọn di ewú. Ta ni yóò dé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tí kò ní kọ́kọ́ kí wọn? Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òo! Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ gbàdúrà fún wa kí ògiri má wó lù wá."

Ẹnìkejì rẹ̀ ní, "Ìwọ ni kó wó lù, ká lè rí oúnjẹ rẹ jẹ!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn irú ìkíni bẹ́ẹ̀, ẹnu mi kò gbà á láti bá wọn wí. Mo padà sí wọ́ọ̀dù. Ó bi mí, mo ní mo ti sọ. Lọ́jọ́ kejì, eruku tún sọ lálá. Ó wò ó títí. "Wọn ò gbọ́," ló wí. Mo nu eruku orí Bíbélì rẹ̀.

Lẹ́yìn ikọ́, ara rẹ̀ gbóná, oògùn tó yẹ kó ràn án kò ràn án. A jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì, à ń dúró de ẹni tí yóò ya àwòrán àyà rẹ̀. Ó fi orí lé èjìká mi. Ní ìrọ̀lẹ́, ó wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ bá a jáde.

Dókítà obìnrin kan jókòó tì mí. "Bàbá, ẹ mọ ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu? Irú rẹ̀ kan ló ń hù nínú ẹ̀dọ̀fóró Màmá." Ó ní èso rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ó máa ń fara pamọ́ sínú ògiri àti àjà àtijọ́, bí wọ́n bá wó wọn, yóò bá eruku fò. Gbogbo wa la ń fà á símú, ara tó le á sì pa á.

"Ṣé eruku yẹn ni?"

"Mi ò lè búra, sà. Ibi gbogbo ló wà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí Màmá wà nítòsí ibẹ̀."

Wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n sì yí oògùn padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ó jẹ ààbọ̀ mọ́ínmọ́ín, ó béèrè kóòmù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro. Abẹ́rẹ́ ti gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo dì mú. Ẹsẹ̀ náà ni mo dì mú títí ó fi tutù. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe.

Ó pẹ́ kí n tó lè kọ èyí. Bí ẹ bá ní ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára láti jà, tí wọ́n sì ń wó ilé nítòsí wọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ bẹ àwọn dókítà kí wọ́n gbé e jìnnà síbẹ̀. Ẹ ti wíńdò, bí ooru tiẹ̀ mú. Ẹ béèrè ìbòmú tó fún mọ́ ojú dáadáa fún ìgbà tí wọ́n bá ń gbé e kọjá. Ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọ̀rá tó nípọn dí ibi iṣẹ́ náà láti ilẹ̀ dé àjà, kí wọ́n wọ́nmi sí àlàpà kí wọ́n tó kó o, kí wọ́n bò ó bí wọ́n ti ń gbé e jáde, kí wọ́n sì nu ilẹ̀ gbẹ, torí ibi tó tutù ni nǹkan yìí fẹ́ràn. Ẹ kí àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ìkíni, ẹ sọ ọ̀rọ̀ tó gbé yín wá.

Eruku kan náà ni èmi fà símú lójoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ara mi sì bá a jà láìjẹ́ kí n mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mi ò kí ara yìí kú iṣẹ́ rí. Láàárọ̀ yìí, mo wọ́nmi sí pálọ̀ wa ní Oǹdó kí n tó gbálẹ̀. Eruku kankan kò sọ. Mo fẹ́ pe Ìyá Délé kó wá wò ó.