Aláṣọ Funfun Tó Bá Mi Kó Kòkó

Ọ̀lẹ ni mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mi ò ní í purọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìyá mi gbé lé mi lọ́wọ́ lásìkò kòkó ni pé kí n jókòó síwájú ilé wa, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Emùré, kí n máa lé ewúrẹ́ kúrò lórí kòkó tí a sá, kí n sì máa wojú ọ̀run. Ọmọdé wo ló ń wojú ọ̀run?

Òjò ti pa kòkó mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bu. Ìyá mi wá là á mọ́lẹ̀ pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, mi ò ní í bá wọn lọ sílé ìyá wọn ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà Kérésì. Bẹ́ẹ̀, látìgbà Ọdún Àjíǹde ni mo ti ń ka ọjọ́ sí Ìkẹ́rẹ́ yẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n lọ sóko, oòrùn mú, atẹ́gùn fẹ́, mo bá sùn.

Ohùn ọkùnrin ló jí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, dìde, òjò ti dé."

Mi ò mọ̀ ọ́n rí, ahọ́n rẹ̀ kì í sì í ṣe ti wa. Funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀, aṣọ náà le fún sítáàṣì. Alùpùpù rẹ̀ sùn sínú koríko, kò dúró gbé e nàró. Kí n tó rí àpò fà jáde, ó ti kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ méjèèjì gbá kòkó jọ. Ó ní ilé àna òun lòun ń lọ, ọjọ́ náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí òun, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé àwọn ò fẹ́ apẹ́lẹ́yìn. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Kòkó tí kò tíì gbẹ tán ti kun aṣọ rẹ̀ látàyà dé orúnkún. Mo nawọ́ sí i, ó ní, "Aṣọ ṣeé fọ̀."

A fa àpò tó kẹ́yìn sí òòdẹ̀ ni òjò dà. Ẹkún gbọ̀n mí, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ Ìkẹ́rẹ́ fún un.

"Sọ fún wọn pé ìwọ lo kó o," ló wí. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wọnú òjò.

Ìyá mi sáré dé láti oko, omi ń ro lára wọn. Wọ́n wo àpò, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n sì gbá mi mọ́ra. Ẹran tiwọn nínú ọbẹ̀, èmi ni wọ́n fún. Mo lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìyìn tí mi ò ṣiṣẹ́ fún ń yún mi bíi yèrèpè, mi ò sì sùn nídìí kòkó mọ́ títí mo fi dàgbà.

Olùkọ́ ni mí báyìí. Bí òjò bá ṣú, tí mo rí ohun tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi á ti wà lórí bíréèkì, kí n lè bọ́ọ́lẹ̀ bá wọn kó o. Wọ́n ti pariwo olè lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan nídìí láfún. Ọkọ mi ti fi àlòkù ìró kan tí mo lè ró lé aṣọ sínú búùtù nítorí àìsàn mi yìí.

Ìró náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún ìyá mi. Mo pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, léèsì funfun mi ti di aláwọ̀ ilẹ̀ látàyà dé orúnkún. Ìyá mi wò mí títí.

"Kòkó ìsí lo bá kó?" wọ́n bi mí, bí a ṣe ń béèrè ẹni tó ni nǹkan ní ìlú wa.

Ẹnu yà mí. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

"Mo rí ipa bàtà ọkùnrin lórí sìmẹ́ǹtì òòdẹ̀ ulé lọ́jọ́ náà," ni wọ́n wí, ẹ̀rín sì ń pa wọ́n.

Wọ́n sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì iwájú, èmi àti àbàwọ́n mi. Mo jókòó tì wọ́n, mo sì ń gbà á ládùúrà pé kí àwọn àna ọkùnrin náà ti sún fún un bẹ́ẹ̀.